A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ tí ó Fẹ́ Tún Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Rẹ̀ Ṣe



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn a ní: "Kí ló kan Àáfà nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì?" Ó kàn mí púpọ̀. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, tí mo jáde síwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ọkọ̀ tí mo ń rí níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a ń rí láyé ìgbà kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà fún ni ó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ olówó ńlá, irú èyí tí ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, tí gbogbo ẹbí lè jókòó sí pẹ̀lú ìdẹ̀ra, síbẹ̀ tí eré rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ìdíje. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, bí owó tí ó fi rà á bá ti mọ́. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa ra BMW, irú èyí tí a ń pè ní E39. Kò pé oṣù kan tí ó fi ra sípíríǹgì kúkúrú tí ó mú ọkọ̀ náà wálẹ̀ gan-an. Ó tún ra rìmù ńlá tí taya rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ náà wu ojú rí. Ní ọjọ́ tí ó gbé ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, ìyá sọ̀kalẹ̀, ó di ẹ̀yìn mú, ó ní: "Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ ọkọ̀ yìí?" Àwa tí a wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Nígbà tí mẹkáníìkì gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè, ó rí i pé bọ́ṣì iwájú ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì kan sì ti jẹ débi pé ó ń mì bí a bá fọwọ́ kàn án. Ọmọ yìí ti fi owó ra ẹwà, ó sì fi ewu sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú wa pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an? Sípíríǹgì ni ó ń gbé ìwọ̀n ọkọ̀. Bí taya bá wọ kòtò, sípíríǹgì a fún pọ̀, a sì fẹ́ máa fò sókè sódò. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń kó o ní ìjánu: ọ́ìlì tí ń gba ojú ihò tóóró kọjá nínú rẹ̀ ni ó ń gba agbára ìfò náà, tí ó ń sọ ọ́ di ooru. Bọ́ṣì jẹ́ rọ́bà tí a fi sí ojú ibi tí irin ti pàdé irin, kí wọn má baà máa gbá ara wọn. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì dà bí oríkèé ara ènìyàn. Irin gbọọrọ kan tún wà tí ó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, kí ọkọ̀ má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù bí ó bá ń yà ní kọ́nà. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lé: kí taya má kúrò nílẹ̀. Ibi tí taya kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni ẹ̀mí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ wà. Taya tí ó bá fò kúrò nílẹ̀ kò lè dúró, kò sì lè yà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣe le tó ni ó ṣe dára tó, ó ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá le jù fún ọ̀nà tí ó ń gbà, ńṣe ni taya yóò máa ta pọ́n-ún lórí gálọ́ọ̀pù.

Ẹ jẹ́ kí a wo E39 yìí fún àpẹẹrẹ. Láti 1995 títí di 2003 ni wọ́n fi ṣe onílẹ̀kùn mẹ́rin rẹ̀ ní Jámánì. Púpọ̀ nínú irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe, kí ó má baà wúwo, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kò wúwo a máa tètè tẹ̀ lé ilẹ̀. Ní 1998, wọ́n gbé èyí tí ń jẹ́ M5 jáde. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní sìlíńdà 8, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 400, ìwọ̀n rẹ̀ sì súnmọ́ 1,800 kìlógíráàmù. Eré rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dè é kí ó má baà kọjá 250 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn tí ó ṣe é kò ṣa sípíríǹgì lọ́tọ̀, kí wọ́n tún ṣa ṣọ́ọ̀kì lọ́tọ̀. Wọ́n yàn wọ́n kí wọn lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá yí ọ̀kan padà ti fọwọ́ kan gbogbo ìyókù.

Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkọ̀ yìí ti lé ní ogún ọdún báyìí, rọ́bà a sì máa gbó bí ènìyàn ṣe ń gbó. Bí sítíárìn E39 bá ń gbọ̀n nígbà tí eré bá tó 80 sí 100 kìlómítà, bọ́ṣì apá iwájú wà lára ohun tí a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Sípíríǹgì tuntun kò lè wo àrùn yìí sàn.

Fún ìdí èyí, ìmọ̀ràn mi nìyí, ní ẹsẹẹsẹ:

(1) Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọn gbé ọkọ̀ sókè, kí wọn yẹ gbogbo bọ́ṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti líńkéèjì wò. Ohun tí ó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú yín yóò rí i pé ọkọ̀ tí ẹ rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára tó, ògbólógbòó ohun èlò ni ó ń dà á láàmú.

(2) Taya ni ó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà 245/40 R18 tí ó wà lára taya iwájú M5 túmọ̀ sí pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 245 mìlímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ìbú náà, èyí tí í ṣe 98 mìlímítà. Àwọn E39 kan tí kì í ṣe M5 lo 225/60 R15, tí gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 135 mìlímítà. Rọ́bà tí ó fi ju èyí àkọ́kọ́ lọ ni ó ń gba kòtò fún rìmù àti fún ẹ̀yìn ìyá yín. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àmì DOT lára taya: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Taya tòkunbọ̀ tí ó ń dán lè ti gbó jù.

(3) Ṣọ́ọ̀kì ni ìdá kẹta. A kì í pààrọ̀ ẹyọ kan. Méjèèjì tí ó wà níwájú, tàbí méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn, ni a ń pààrọ̀ pọ̀. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà. Ilé-iṣẹ́ Bilstein ti Jámánì, fún àpẹẹrẹ, ní B4 tí ó dà bí èyí tí ó bá ọkọ̀ wá. B6 le díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gíga ọkọ̀ kò yí padà. B8 kúrú, sípíríǹgì tí ó mú ọkọ̀ wálẹ̀ ni a sì ṣe é fún. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ má ṣe kù gìrì yọ ọ́ dànù. Cadillac Seville STS ti 2002 ni ó kọ́kọ́ lo irú kan tí ẹ̀rún irin wà nínú ọ́ìlì rẹ̀, tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ń mú kí ó ki tàbí kí ó ṣàn. Ẹni tí ó bá yọ irú èyí láti fi ṣọ́ọ̀kì lásán dípò rẹ̀ ti fi líle rọ́pò ọgbọ́n.

(4) Sípíríǹgì ni ó tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀kì, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Ènìyàn márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 70 kìlógíráàmù ti di 350 kìlógíráàmù, kí a tó ka ẹrù. Ọkọ̀ tí a ti mú wálẹ̀ jù kò ní àyè tí yóò fi gba ẹrù yìí; yóò kanlẹ̀ tán, yóò sì máa gbá. Taya rẹ̀ a tún dagun, a máa jẹ nínú nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì dára. Fún àwọn ọ̀nà wa, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní gíga tí wọ́n ṣe é.

(5) Irin gbọọrọ tí ó so ọ̀tún mọ́ òsì ni ìkẹyìn. Bí ó bá nípọn jù, kòtò tí taya ọ̀tún wọ̀ yóò dà taya òsì láàmú. Bí ti ẹ̀yìn bá le jù lára ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí ọkọ̀ lè yọ̀ ní kọ́nà nígbà òjò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, aláìnmẹ́ǹtì di dandan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Àáfà, ọkọ̀ ìdíje le, ó sì wà nílẹ̀." Òótọ́ ni. Orí ọ̀nà tí ó tẹ́jú ni ó ń sá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sá àti lẹ́yìn tí ó bá sá tán. Ní Nürburgring ní Jámánì, ọ̀nà ìdíje kan wà tí ó gùn tó nǹkan bí 21 kìlómítà, tí ó kún fún òkè àti gegele. Níbẹ̀ pàápàá, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè fara mọ́ ilẹ̀ yóò fò kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kí ni ká ti wí nípa ọ̀nà tiwa tí gálọ́ọ̀pù pọ̀ sí?

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta pààtì ọkọ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Bí ọmọ kan bá mú owó sípíríǹgì wá, tí ẹ sì rí i pé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì rẹ̀ ti jẹ, ẹ sọ fún un, bí èrè yín tilẹ̀ máa dín kù. Ẹni tí ó dákẹ́ nípa àbùkù tí ó rí ti bá a lọ́wọ́ nínú ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dá sípíríǹgì àtijọ́ padà, ó sì ti pààrọ̀ bọ́ṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dá ojú dúró mọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ tún bá a lọ sí Abẹ́òkúta, oorun ni ó sùn dé ibẹ̀. Èyí ni òṣùwọ̀n tí mo fi sílẹ̀ fún yín: bí ìyá yín bá lè sùn lẹ́yìn ọkọ̀ yín, tí ọkọ̀ náà sì dúró gírí ní kọ́nà, ẹ ti yan ohun tí ó tọ́.

Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Àmín.