Ẹni Tí Ń Pín Bọ́ọ̀lù Lè Sáré Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari àti ní Nassarawa, a ń gbọ́ igbe àwọn àgbà létí pápá: "Fún ẹlòmíràn!" Bí ọmọ tí ń pín bọ́ọ̀lù láàárín bá gbé e sáré, wọn a ní anìkànjọpọ́n ni. Lójú tiwa, igbe náà ti pọ̀ jù.

Ẹ wo bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbé ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Quarterback ni ó ń pín bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bí kò bá lè sáré, àwọn alátakò kò ní í ṣọ́ ọ. Wọn a rí ẹnì kan lé láti fi dí àwọn yòókù lọ́nà. Bí ó bá lè sáré, wọ́n gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, ọ̀nà a sì là fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní 2006, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 19, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Vince Young ti Texas fi gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n borí USC, 41 sí 38.

Okocha tiwa náà, apín-bọ́ọ̀lù ni. Síbẹ̀ ní 1993 ó gbé bọ́ọ̀lù yí àwọn ará Karlsruhe po kí ó tó gbá a wọlé mọ́ Kahn lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé asáré a máa fara pa, a kò sì ní kí ọmọ máa sáré ṣáá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wọn, ẹ má ṣe yọ ọmọ kúrò nítorí pé ó sáré. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó rí.