Ẹ̀rọ Amúlétutù Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Kò Yẹ Ilé Èjìgbò

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́kọ́ bi ẹni tó ń yàwòrán ilé fún un, ìbáà jẹ́ ilé ìtura tàbí ilé ayálégbé, kì í ṣe irú ẹ̀rọ amúlétutù tí wọn yóò rà, bí kò ṣe bí yàrá náà yóò ṣe rí ní aago méjì òru, nígbà tí iná ọba bá ti lọ tí wọ́n sì ti pa jẹnẹrétọ̀. Ilé tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti bàjẹ́ láti orí ìwé tí wọ́n yà á sí, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọn yóò gbé sínú rẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn onílé ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Másífà, kọ ẹ̀rọ amúlétutù olóòró tí wọ́n ń gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù pátápátá, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó nínú ìwé àwọn tó ń tà á.

Ẹ̀rọ náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè ní VTAC. Àpótí irin kan ni, tó dúró lóòró bíi fíríìjì, tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ amúlétutù sì pé sínú rẹ̀: kọ́mpírẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri, kọ́ìlì kan tó ń gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ inú yàrá, àti kọ́ìlì kejì tó ń tú ooru náà dà síta. Wọ́n ń kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú síta, wọ́n ń dá ihò ńlá sí ògiri náà, wọ́n sì ń fi irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn bí ojú fèrèsé lúfà bo ihò náà kí ẹ̀rọ lè máa ti ibẹ̀ mí. Afẹ́fẹ́ yàrá ń gba ara ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọlé lọ bá a, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba òkè jáde nínú òpó onípánù tó lè pín in fún pálọ̀ àti yàrá ìsùn. Àlejò kọ̀ọ̀kan ní ìdarí tirẹ̀, ìta ilé sì mọ́ lójú nítorí kò sí àpótí kankan tó so rọ̀ lára ògiri. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ohun èlò tó bójú mu ni, àríyànjiyàn kò sí lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣe é kì í ṣe Èjìgbò. Ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bo ojú ọ̀nà wà lára ibi tí wọ́n ṣe é fún, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ní wáyà ìmúlégbóná nínú, irú èyí tó ń pọ́n rẹ́rẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, tó sì lè jẹ iná tó kílówáàtì 2 sí 5 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ wá sí Èjìgbò ti fowó ara rẹ̀ ra ààrò sínú ìlú tí ẹni tí otútù ọyẹ́ bá mú kò nílò ju aṣọ ìbora kan lọ. Iná tí wọ́n ṣe é fún náà yàtọ̀: iná Amẹ́ríkà ń yí padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 50, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú ẹ̀rọ ilé ìtura lọ́hùn-ún ń lo fóòtì 265 tí kò sí nínú ilé ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 tó bá wá bá 50 yóò dín eré rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́fà, yóò máa gbóná ju bó ti yẹ lọ, kò sì ní pẹ́ kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe èyí tó bá iná wa mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ rà á lọ́jà àlòkù kò ní bá irú rẹ̀ níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pé kí wọ́n má ṣe fi gáàsì R-410A ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ilé tuntun mọ́ nítorí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́. Ẹni tó mọ bí fíríìjì àlòkù ṣe ń rìn dé Nàìjíríà kò nílò wòlíì kó tó mọ ibi tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo gáàsì náà yóò forí lé.

Ọ̀rọ̀ owó ló wúwo jù. Ẹ̀rọ tó ní BTU 12,000, èyí tó tó fún yàrá kan tó mọ níwọ̀n, ń jẹ iná bíi kílówáàtì 1.2 nígbà tí kọ́mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́ láìdúró fún wákàtí 10, yúnìtì 12 ló lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná ọba gbé owó yúnìtì kan lórí Band A láti nǹkan bí N68 lọ sí N225, nítorí náà yàrá kan yóò jẹ N2,700 lálẹ́ kan ní iye ìgbà náà, ilé ìtura oníyàrá 20 yóò sì jẹ N54,000. Fáànù àjà tó ń jẹ wáàtì 75 kò ní jẹ tó N170 láàárín wákàtí 10 kan náà. Band A ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ apínnáká ṣèlérí pé wọn yóò rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́. Band B jẹ́ wákàtí 16, Band C jẹ́ 12, Band D jẹ́ 8, Band E sì jẹ́ 4 péré. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń sanwó tó kéré lórí yúnìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi dí wákàtí tó kù, lítà bẹntiróòlù tí kò sì tó N200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti ju N1,000 lọ lọ́pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ta ni yóò san án? Àlejò tó wá ṣe ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó lópin ọ̀sẹ̀ ni, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ dá owó yàrá self-contain kan.

Yàrá self-contain náà ni kí wọ́n wò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 144 ni gbogbo rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú àyè tí wọn yóò fi sílẹ̀ yí i ká, lè gba ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3, ìyẹn 9. Ìdá kan nínú 16 yàrá ti lọ nìyẹn, ilé oníyàrá 16 sì ti gbé odindi yàrá kan pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kọ́bọ́ọ̀dù náà kò lè wà níbikíbi àyàfi lára ògiri tó kọjú síta, ògiri kan ṣoṣo tí fèrèsé lè gbà wọlé nínú yàrá tí àwọn yàrá mìíràn há mọ́ àárín. Ẹ̀rọ náà kò kàn wá tu yàrá lára. Ó gba ibi tí afẹ́fẹ́ ì bá gbà wọlé, ó wá ń ta afẹ́fẹ́ fún onílé ní iye owó yúnìtì iná. Nígbà tí iná bá lọ, irin pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri kò wúlò fún ẹni tó wà lórí ibùsùn, nítorí kọ́ìlì àti mọ́tò ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń lọ bá.

Àtúnṣe rẹ̀ tún jẹ́ ìṣòro. Onífíríìjì tó wà ládùúgbò mọ sípílíìtì, ìyẹn ẹ̀rọ alápá méjì tí ọ̀kan wà lára ògiri yàrá tí èkejì sì wà níta. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń rọ gáàsì sí i, àti ibi tí wọ́n ti ń rí kàpásítọ̀ rẹ̀ rà ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti àríwá bọ̀ máa ń dí kọ́ìlì ìta pa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Sípílíìtì, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó fún un níbi tó wà. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti fa odindi àpótí náà jáde sáàárín yàrá àlejò kí wọ́n tó lè fọ kọ́ìlì kejì rẹ̀ dáadáa. Omi tí ẹ̀rọ ń fà kúrò nínú afẹ́fẹ́ lásìkò òjò kò kéré, bí páìpù tó ń gbé e jáde bá sì dí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò dà sí, níbi tí òkùnkùn àti ọ̀rinrin yóò ti jọ mú kí pákó àti ògiri bu. Ẹnikẹ́ni kì í tètè rí i. Òórùn rẹ̀ ni àlejò máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ooru Èjìgbò kò ṣeé fara dà láìsí ẹ̀rọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn léèrè ẹni tó kó ooru náà wọlé. Agbo ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá, òrùlé koríko rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ kọjá ògiri tó fi jẹ́ pé oòrùn kì í fojú kan ara ilé. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ìdí láti máa parọ́ pé ààfin ìtura ni; inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbé lọ́sàn-án, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì tutù. Nígbà tí pánù rọ́pò koríko tí búlọ́ọ̀kù rọ́pò amọ̀, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan rọ́pò ìbòòji tó bá wọn lọ. Wọ́n gé etí òrùlé kúrú, wọ́n sọ àgbàlá di ọ̀nà tóóró tí yàrá kọjú síra wọn lé lórí, ooru wá di ará ilé.

Pé ilé ìgbàlódé lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ, Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí. Ní Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ya ọgbà yunifásítì tó ń jẹ́ Obafemi Awolowo lónìí, ó sì kọ́ ilé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Humanities bí ẹni dojú òkè kékeré kodò: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, kí òkè lè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, kí fèrèsé sì lè wà ní ṣíṣí nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ní Ìbàdàn ṣáájú ìgbà náà, Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, lo ògiri kọnkéré oníhò wínníwínní fún yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá tí oòrùn kò sì lè ráyè wọlé. Àjèjì ni wọ́n, wọ́n sì fara balẹ̀ wo oòrùn àti afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yìí. Ìtìjú ni kí ọmọ onílẹ̀ wá máa kọ́lé bí ẹni tí kò tíì bá oòrùn pàdé rí.

Ó ṣeé ṣe kí Àbíjàn, ní Ivory Coast, ní ọwọ́ nínú ìfẹ́ tí àwọn onílé ní sí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ṣòwò ní Ivory Coast láti ìran dé ìran, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì létí ìlú, owó ibẹ̀ sì wà nínú búlọ́ọ̀kù ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Èjìgbò lónìí. Ẹni tó ti wo Hôtel Ivoire, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1963 tó sì fìgbà kan ní pápá yìnyín tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìlú olóoru, ti rí ohun tí owó àti iná lè ṣe. Ṣùgbọ́n Ivory Coast ń ta iná fún Burkina Faso àti Mali. Ẹ̀rọ ṣeé dì sínú kọ̀ntéénà wá sílé. Iná Àbíjàn kò ṣeé dì.

Ẹ̀sùn kan kù tó ní láárí, òun náà ni pé àwọn olè ń tú apá ìta sípílíìtì lọ nítorí kọ́pà inú rẹ̀. Wẹ́dà Èjìgbò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àgò onírin, owó rẹ̀ kò sì ní tó owó ihò ògiri, òpó onípánù àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ti ẹwà ojú ilé, ẹ̀yìn ilé wà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìtura, kí ó mú kí gígùn ilé náà kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà lu ògiri gbọọrọ, kí etí òrùlé yọ dáadáa, kí sílíìnì wà lábẹ́ pánù pẹ̀lú àyè tí ooru ń gbà jáde, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá àti nẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀fọn kò lè gbà wọlé, kí fáànù sì wà lájà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kí ó fi sípílíìtì oní-inverter, irú èyí tí kọ́mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń dín eré kù dípò kó máa kú kó máa jí, sí yàrá díẹ̀ fún àlejò tó bá ṣetán láti sanwó rẹ̀. Ẹni tí àwòrán ilé rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù nínú, kí ó mú bírò, kí ó fagi lé e kí bíríkìlà tó dé, kí ó sì ya fèrèsé sí ojú ibẹ̀.