Owó Ìlú Kì í Ṣe Owó Ààrẹ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Mowé tàbí Ìbafò, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, kò ní tètè gbàgbé ọdún 2017. Ìdájí ni ènìyàn ń jáde nílé, òru ni ó ń padà wọlé, nítorí pé òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe láti ọdún 2013, kò tíì parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá lórí owó ọ̀nà yìí. Ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ bílíọ̀nù 31 náírà sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìṣúná. Àwọn aṣòfin gé e kù sí bílíọ̀nù 10. Mínísítà fún iṣẹ́ òde, Ọ̀gbẹ́ni Babátúndé Fáṣọlá, fi ìbínú sọ pé kànga ẹ̀rọ àti àwọn iṣẹ́ kéékèèké mìíràn ni wọ́n fi dípò òpópónà. Àwọn aṣòfin dá a lóhùn pé ètò ti wà tẹ́lẹ̀ kí àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni fi owó tiwọn ṣe ọ̀nà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí ó ń delé fún Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí ìwé ìṣúná ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi sọ pé àwọn aṣòfin kò ní àṣẹ láti fi iṣẹ́ tuntun kún èyí tí Ààrẹ gbé wá.

A mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkàwé wa ní agbègbè yìí kò dùn sí àwọn aṣòfin. Inú tiwa náà kò dùn. Síbẹ̀, a kò ní tìtorí pé ọ̀nà wa bàjẹ́ kí a wá sọ ohun tí kò tọ́. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 80 àti 81, sọ ọ́ láìfi bò: Ààrẹ ni yóò gbé àbá ìnáwó wá síwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde láti inú àpò ìjọba àfi bí òfin bá fàṣẹ sí i. Ǹjẹ́ ẹni tí a ní kí ó fàṣẹ sí nǹkan kò ha lè sọ pé ó ti pọ̀ jù? Lójú tiwa, àwọn aṣòfin ṣi àṣẹ náà lò ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí àṣẹ náà wà lọ́wọ́ wọn, kàkà kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Nítorí pé a ti rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fo àwọn aṣòfin dá. Ní ọdún 2018, Ààrẹ Buhari san mílíọ̀nù 496 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọkọ̀ òfuurufú ogun 12, lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí i. Ogun Boko Haram ni ìdí tí ó fi ṣe é, ìdí náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ẹni tí ó fẹ́ ná owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ń wá ìdí tì? Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. Òfin báńkì náà nígbà náà sọ pé ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún ìjọba ní ọdún tí ó ṣáájú. Kí a tó mọ̀, ó ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà, oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ni àwọn aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí a sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́. Obìnrin tí ó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́jà Mowé kò bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń yá owó náà. Ṣùgbọ́n òun náà wà lára àwọn tí ó san án, nígbà tí náírà ọwọ́ rẹ̀ kò ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó àwọn ìpínlẹ̀ ni ó wúwo jù lọ́kàn wa. Ní abúlé Ìbògùn-Ọláogún, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ni wọ́n bí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí. Ọmọ wa ni, a kò sì lè fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹni. Ṣùgbọ́n òun ni Ààrẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, nígbà tí ó pàṣẹ fún Mínísítà Ìṣúná pé kí ó má ṣe san owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ Èkó ni pé Gómìnà Bọ́lá Ahmed Tinúbú sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣínbàjò tí a dárúkọ lókè yìí, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún Èkó nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà tọ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, àwọn adájọ́ sọ ohun méjì. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 náà kò tíì pé títí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Wọ́n sì ní Ààrẹ kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin láti dá owó ìpínlẹ̀ dúró.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò parí. Ìdájọ́ jáde, owó kò jáde. Owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà wà ní Àbújá títí Olóyè Ọbásanjọ́ fi parí sáà rẹ̀. Ọdún 2007, lábẹ́ Ààrẹ Umaru Yar'Adua, ni Èkó tó rí i gbà. Ẹ rántí pé nínú àwọn tí ó ń gba owó oṣù ní káńsù Èkó, Ìbafò àti Àgbádó ni ilé ọ̀pọ̀ wọn wà. Ìgbà tí a bá sọ pé Ààrẹ àti Gómìnà ń jà, ẹ̀yìn wọn ni koríko ń kú sí.

Ilẹ̀ àwọn òyìnbó kò bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. Ní ọdún 1972, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi owó sílẹ̀ kí àwọn ìlú lè sọ omi wọn di mímọ́. Ààrẹ Richard Nixon ní òun kò ní yọ gbogbo rẹ̀. Ìlú New York pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní ọdún 1974 àwọn aṣòfin ṣe òfin pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ dá nìkan tẹ owó tí wọ́n ti fàṣẹ sí mọ́lẹ̀. Ní 1975 ilé-ẹjọ́ wọn tí ó ga jùlọ dá New York láre. Nixon ti kúrò lórí oyè kí ìdájọ́ tó jáde. Ní ọdún 2025, lábẹ́ Ààrẹ Donald Trump, àwọn ìpínlẹ̀ tún padà sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹni tí wọ́n fi owó jẹ níyà ní ọdún 2004 ni ó gorí àga Ààrẹ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó ti yẹ kí Ààrẹ Tinúbú mọ ibi tí bàtà náà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun há sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìjà wà lóòótọ́ lórí ta ni alága káńsù, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sì ń fa ipò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ǹjẹ́ Èkó náà kò ha ní ìjà tirẹ̀ ní 2004? Ní ọdún 2025 kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì ní kí gómìnà àti àwọn aṣòfin lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Àwọn àgbà tí ó wà láyé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, tí wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó, kò nílò kí a ṣàlàyé fún wọn.

A kò wá sọ èyí kí àwọn gómìnà lè máa yọ̀. Ohun tí wọn kò fẹ́ kí Ààrẹ ṣe sí wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe sí káńsù. Ní Ògùn níbí, ní ọdún 2023, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú kọ̀wé sí Olóyè Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà pé owó tí ó tọ́ sí káńsù òun kì í dé ọ̀dọ̀ òun. Ìjọba ìpínlẹ̀ sẹ́ kanlẹ̀. Àwọn kánsẹ́lọ̀ sì yọ alága náà nípò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Ọdún 2025 wọlé tán, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí báńkì tí owó náà yóò gbà kọjá. Nínú gbogbo èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ àdúgbò kan ní Mowé lásìkò òjò yóò ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn aṣòfin tí Ògùn rán lọ sí Àbújá gbé àbá òfin dìde pé ọjọ́ kan pàtó ni owó ìpínlẹ̀ àti ti káńsù yóò máa jáde lóṣooṣù, láìdúró de lẹ́tà Ààrẹ tàbí ti mínísítà kankan. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti pàṣẹ pé kí a san owó, tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì mú un pamọ́, kí òun fúnra rẹ̀ jẹ́jọ́ rẹ̀, kí ó má lè sọ pé Ààrẹ ni ó rán òun. Níhìn-ín, kí alága Ìfọ̀ àti alága Ọbáfẹ́mi-Owódé lẹ iye tí ó bá wọlé mọ́ ògiri sẹkitéríàtì wọn lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ọ̀nà tí wọ́n ná an lé lórí. Èyí kò gba àṣẹ Ààrẹ, kò sì gba ti gómìnà.