Ọmọ Tí Ó Ń Ka Màlúù

Ní ọdún 1643, Paulus Potter ará Họ́láǹdì, tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, fi abẹ́rẹ́ fín àwòrán màlúù àti ẹni tí ń dà wọ́n sára bàbà, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Baba rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Àwòrán yìí rán mi létí ọmọ Fúlàní kan ní ọjà màlúù Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó pe màlúù rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó wolẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ láti 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀! Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra màlúù lọ́wọ́ baba rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un: ọmọ tí ó lè ka màlúù, yóò lè ka ìwé.