Ẹnubodè Ilé-Iṣẹ́ Ìgbàlódé ní Port Harcourt àti Àwọn Tí Kì í Wọlé

Mgbuoba jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ilẹ̀ Ikwerre tí Port Harcourt ti gbé mì bí ìlú ńlá náà ti ń gbòòrò. Ó wà ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, NTA, fìdí kalẹ̀ sí, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni àwọn ará ìlú sì fi ń pe títì tí ó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ozuoba àti Choba. Ẹni tí ó bá tètè jí ní àdúgbò yìí yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀. Àwọn kan ń lọ sí Trans-Amadi, àwọn kan ń lọ sí Rumuolumeni, àwọn mìíràn ń lọ sí Eleme àti Onne lọ́hùn-ún. Ọmọ Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. A rí ajórin, a rí aṣiṣẹ́ iná mànàmáná, a rí awakọ̀, a sì rí akọ̀wé.

Ẹni tí ojú kì í sábà tó níbẹ̀ ni akanda ẹ̀dá: ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹni tí etí rẹ̀ di, ẹni tí ẹ̀rọ ti gé níka lẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́. Kì í ṣe pé irú wọn kò sí ní Mgbuoba. Wọ́n wà nínú ilé, wọ́n wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń san owó ilé gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń san án. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a fi ojú ṣùnnùkùn wò ni pé kí ló dé tí iṣẹ́ tí ó ń kọjá lọ níwájú ilé wọn lójoojúmọ́ kì í dúró gbé wọn.

Bí ó bá jẹ́ ayé ìgbà kan ni, ìdáhùn kò ní pẹ́. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ agbára ni: kí a gbé, kí a tì, kí a wọ́, kí a gun àkàbà. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ilé-iṣẹ́ táyà Michelin, tí ó ti jẹ́ orísun oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ilé ní Port Harcourt, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2007. Ní Eleme, Indorama ra ilé-iṣẹ́ tí ń fi gáàsì ṣe èròjà ike ní 2006. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ajílẹ̀ yúríà níbẹ̀ ní 2016, ó sì fi ẹ̀ka kejì kún un ní 2021. Ní Rumuolumeni, àwọn ọgbà kan wà tí wọ́n ti ń gé irin tí wọ́n sì ń jó o pọ̀ fún iṣẹ́ epo inú òkun. Ní irú ibi báwọ̀nyí, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tí apá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà jókòó ni, ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìfarabalẹ̀, ìmọ̀ ìṣirò, àti kí ó mọ ìgbà tí nǹkan kò rí bí ó ti yẹ kí ó rí. Ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé bí iṣẹ́ ti ń kúrò lọ́wọ́ agbára ara tó yìí, ẹnubodè kò gbòòrò sí i.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Orí kejìlélógójì nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ̀ fún ìjọba láti fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ìlú tí ó ti wá, ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò dárúkọ àléébù ara. Ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 kí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, tó fọwọ́ sí òfin 2018 tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ akanda ẹ̀dá. Òfin yìí ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, bí agbára wọn bá ti mọ, rí i pé akanda ẹ̀dá kò dín ní 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn. Ó tún sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá fi àléébù ara du ènìyàn ní iṣẹ́ yóò san owó ìtánràn tí kò dín ní N500,000 fún ẹni náà.

Ẹ jẹ́ kí a ka gbólóhùn méjèèjì yẹn dáadáa. Iléeṣẹ́ ìjọba ni a ní kí ó ka iye. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni a ní kí ó má ṣẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé ní Rivers sì rèé, ọwọ́ aládàáni ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tí ó lè mú ilé-iṣẹ́ lọ sí kóòtù pé ó kọ̀ òun nítorí ẹsẹ̀ òun, nígbà tí kò tilẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti fi ìwé ìwáṣẹ́ lọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò rí ojú rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í sì í bá ilé-iṣẹ́ ńlá gan-an pàdé. Agbaṣẹ́ṣe ni ó ń gbà wọ́n, fún oṣù mẹ́ta, fún oṣù mẹ́fà, tàbí lójúmọ́. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà lórí irú ìgbani-síṣẹ́ yìí nínú iṣẹ́ epo àti gáàsì ní 2011, síbẹ̀ ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ohùn agbaṣẹ́ṣe ni òfin tí ó súnmọ́ òun jù lọ. Agbaṣẹ́ṣe tí ó ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ogún ènìyàn jọ kì í ṣe ìwádìí. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni yóò mú, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlú àti àlejò tún wà níbẹ̀. Òfin 2010 lórí iṣẹ́ epo ní kí ọmọ Nàìjíríà nìkan máa ṣe iṣẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ àti ìpele àárín. Òfin epo ti 2021 sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ epo máa yọ 3 nínú 100 owó tí wọ́n ná lọ́dún tí ó kọjá fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìlú wọ̀nyí náà sì máa ń béèrè pé kí a kọ́kọ́ gba ọmọ wọn síṣẹ́. Kò yẹ kí àlejò bínú sí èyí. Ẹni tí odò rẹ̀ bàjẹ́, tí èéfín ń sọ òrùlé rẹ̀ di dúdú, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ na ọwọ́. Ohun tí ó yẹ kí a bi àwọn tí ń kọ orúkọ ránṣẹ́ ni pé: akanda ẹ̀dá mélòó ni ó wà nínú ìwé náà, ọmọ onílẹ̀ ìbáà ṣe tàbí àlejò? Bí a kò bá ka ọmọ onílé tí ó yarọ mọ́ àwọn tí ó lè ṣiṣẹ́, ta ni yóò ka ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ Ìlá tí ó yarọ ní ìlú àjòjì?

Ti obìnrin tún lé kan. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1970, kò fẹ́ kí obìnrin ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àfi nọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀gá tí kì í fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Bóyá nígbà tí a ṣe é, ààbò ni a fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sùn, tọ̀sán-tòru ni ó ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tí òfin kò jẹ́ kí ó wọ iṣẹ́ òru, ó rọrùn fún agbanisíṣẹ́ láti fo orúkọ rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí a bá wá ní kí a ṣe ìwádìí, kí a lè mọ bí a ó ti la ọ̀nà fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, iye wọn gan-an ni ó kọ́kọ́ ń dí wa lọ́wọ́. Ètò ìkànìyàn 2006 ka akanda ẹ̀dá 3,253,169 ní gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ó lé díẹ̀ ní 2 nínú 100. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2022 pé 16 nínú 100 ènìyàn tí ó wà láyé ni wọ́n ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Kò lè jẹ́ pé ara àwa le ju ti gbogbo ayé lọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó súnmọ́ òótọ́ ni pé nígbà tí akànìyàn dé, a kò pe ẹni tí ó wà nínú yàrá. Àwọn baba ńlá Yorùbá a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, àwọn tí Ọbàtálá fúnra rẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n a lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn títí kí a má fún un ní iṣẹ́.

Àṣìṣe kejì tún wà nínú bí a ti ń wádìí. Ara ènìyàn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ni kò lè ṣe? Ojú iṣẹ́ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a mú iṣẹ́ kan, kí a tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹ̀rọ, kí a wo ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ojú, lọ́wọ́ etí, lọ́wọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó pa òwe yẹn mọ̀ pé iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó mọ ọwọ́ tí ó bá a mu.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ìlú Beppu, ní ilẹ̀ Japan, oníṣègùn eegun kan tí ń jẹ́ Yutaka Nakamura lọ sí Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 láti wo bí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́. Ní 1964, nígbà tí eré ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá wáyé ní Tokyo, òun ni ó ṣáájú àwọn eléré Japan. Ohun tí ó rí kò dùn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléré ilẹ̀ òkèèrè ní iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń dá jẹ. Àwọn ti Japan, láti ilé ìwòsàn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì padà sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dá ilé kan sílẹ̀ ní Beppu, Taiyo no Ie, èyí tí ó túmọ̀ sí Ilé Oòrùn, fún iṣẹ́ ni, kì í ṣe fún ìtọrẹ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò dá a lóhùn. Ẹni tí ó dá a lóhùn ni Kazuma Tateisi, olùdásílẹ̀ Omron, wọ́n sì jọ dá Omron Taiyo sílẹ̀ ní 1972 láti máa ṣe ohun èlò iná àti ẹ̀rọ. Sony tẹ̀ lé e ní 1978, Honda ní 1981.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kì í ṣe idán. Wọ́n rẹ tábìlì sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tí ó ní ọwọ́ kan, wọ́n ṣe ohun tí yóò máa di irin mú, kí ọwọ́ kan náà lè ṣiṣẹ́ lé e lórí. Japan kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àánú ẹnikẹ́ni: ní oṣù kẹrin 2024, òfin wọn ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ní 40 òṣìṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí i pé akanda ẹ̀dá kò dín ní 2.5 nínú 100 òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn tí kò bá sì pé iye yìí yóò máa san owó lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó dín. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tiwọn àti tiwa nìyẹn. Aládàáni ni a ní kí ó ka iye níbẹ̀.

Agbanisíṣẹ́ ní Rivers lè fèsì pé Beppu kì í ṣe Eleme: gáàsì lè gbiná, irin lè já láti òkè, ẹni tí kò lè sáré yóò kú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Àwọn iṣẹ́ kan wà lórí òkun àti lórí àgbékà irin tí kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi arọ sí. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni a fi ń ti ìlẹ̀kùn yàrá tí a ti ń ya àwòrán irin lórí kọ̀ǹpútà, ti ibi tí a ti ń yẹ ohun èlò wò, ti ibi tí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù. Adití tí ó ń jó irin kò ní ìṣòro pẹ̀lú iná rẹ̀. Ohun tí ó nílò ni kí agogo ìkìlọ̀ ní iná tí ń tàn yẹ̀rì pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti pọ̀ tí gbogbo ènìyàn fi dí etí, iná bẹ́ẹ̀ yóò gba ẹlẹ́tìí náà là.

Ó ku àwọn tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ di aláàbọ̀ ara. Bóyá àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ láàárín àwọn ará wa ní Mgbuoba àti ní gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé ẹni tí ó gbé ara pípé lọ sí ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ lè gbé àbọ̀ rẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Òfin 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tí ó ń san sí àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Ohun tí púpọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin náà ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́ àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí ẹ bá farapa, ẹ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, alábòójútó tàbí olùtọ́jú ìpalára ní ibi iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ìwé ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ń lo ọjọ́ 14 yẹn nílé oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí ní ìlú wọn, tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, tí ó ní akọ̀wé tí ó mọ̀wé, lè kọ ọjọ́ tí ẹnì kan farapa àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì rán ẹni méjì lọ sí ẹnubodè ilé-iṣẹ́ náà kí ọjọ́ 14 tó pé.