Bí Ààlà Bá Yí, Ta Ni Yóò Dáàbò Bo Ilẹ̀ Ìsìn àti Ẹni Tí Ń Dáko Lórí Rẹ̀?

Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ń fa ìlà tuntun sórí àwòrán ilẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń kà ni iye ènìyàn, èdè tí wọ́n ń sọ, àti owó tí yóò wọ àpò ìjọba. Ohun kan wà tí wọn kì í sábàá kà mọ́ ọn: ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ìsìn, àti àwọn mẹ̀kúnnù tí ń dáko lé e lórí. Ìlà náà a gba àárín onílẹ̀ àti ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ kọjá, olúkúlùkù a sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀. Ní àkókò yìí tí ariwo ìpínlẹ̀ tuntun tún gba Nàìjíríà kan, ó yẹ kí a wo ohun tí ojú àwọn ará Íńdíà ti rí. Orílẹ̀-èdè onípìínlẹ̀ púpọ̀ bí tiwa ni tiwọn, abẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwa àti àwọn sì ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èyí tí kò tí ì pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù June, ọdún 2014, Íńdíà yọ Telangana kúrò lára Andhra Pradesh. Ìlú Bhadrachalam, níbi tí tẹ́ḿpìlì olókìkí ti òrìṣà Rama wà, bọ́ sí Telangana. Ṣùgbọ́n nítorí odi ńlá tí wọ́n ń mọ láti fi sé odò Godavari ní Polavaram, a fi àwọn abúlé tí ó yí ìlú náà ká fún Andhra Pradesh, kí ilẹ̀ tí omi yóò bò lè wà lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Báyìí ni tẹ́ḿpìlì wà ní ìhín, tí ilẹ̀ rẹ̀ tí ó ju 800 éékà lọ, ní abúlé Purushothapatnam, sì wà ní ọ̀hún. Ìjọba Telangana ni ó ń yan àwọn tí ń ṣàkóso tẹ́ḿpìlì. Ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ilẹ̀ tí ó ní àṣẹ ní abúlé náà jẹ́ ti Andhra Pradesh. Àwọn ènìyàn ti gba ibẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé. Nínú oṣù July, ọdún 2025, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ḿpìlì lọ láti dá ilé kíkọ́ dúró, ọ̀rọ̀ di ìjà.

A kò lè sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù November, ọdún 1956, nígbà tí Íńdíà tún ààlà àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ fà gẹ́gẹ́ bí èdè, a ya apá gúúsù ilẹ̀ Travancore, èyí tí à ń pè ní Kanyakumari, kúrò, a sì fi í fún Madras, tí ó di Tamil Nadu ní ọdún 1969, nítorí pé èdè Tamil ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń sọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù Travancore di ara ìpínlẹ̀ Kerala.

Gbèsè àtijọ́ kan sì wà nílẹ̀. Nígbà tí Munro, aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe olórí ìjòyè ọba Travancore láàrin ọdún 1811 sí 1814, ìjọba gba ilẹ̀ ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì sọ́wọ́, ó sì ń fi owó bọ́ wọn láti inú àpò ìlú. Nítorí náà, owó tí ìjọba ń san fún àwọn tẹ́ḿpìlì wọ̀nyí kì í ṣe ọrẹ. Ìdípò ilẹ̀ wọn ni. Nígbà tí ààlà yí, àwọn aṣòfin Íńdíà rántí gbèsè yìí. Wọ́n kọ ọ́ sínú Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè pé kí Kerala máa san 4,650,000 rúpì lọ́dọọdún sí àpò àwọn tẹ́ḿpìlì Travancore, kí Madras sì máa san 1,350,000 rúpì fún àwọn tẹ́ḿpìlì tí ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí dára, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni ó ṣì wà nínú ìwé títí di òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohun tí náírà kan lè rà láyé àtijọ́ yóò mọ ohun tí iye tí kì í yí padà máa ń dà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Bí a ti rántí òrìṣà, ǹjẹ́ a rántí àgbẹ̀? Tẹ́ḿpìlì Padmanabhaswamy, èyí tí ọba Marthanda Varma fi gbogbo ìjọba rẹ̀ jìn ní ọdún 1750, wà ní Thiruvananthapuram, olú-ìlú Kerala. Àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì ààlà. Ṣáájú ọdún 1956, ọba kan ni àwọn àgbẹ̀ orí ilẹ̀ náà ń sìn, òrìṣà kan ni wọ́n ń san owó ilẹ̀ fún, òfin kan ni ó sì so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìpínlẹ̀ Madras ṣe òfin ní ọdún 1964 tí ó fòpin sí irú ìní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kanyakumari, tí ó sì la ọ̀nà fún àgbẹ̀ láti gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kerala kò ṣe irú òfin tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì yìí títí di ọdún 1971. Ọdún méje ni ó wà láàrin méjèèjì. Onílẹ̀ kan náà, iṣẹ́ oko kan náà, ṣùgbọ́n ìlà orí ìwé ni ó pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìṣákọ́lẹ̀.

Ní ìhà àríwá Kerala, ìdàkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Malabar kúrò lára Madras, ó wá sí Kerala, ṣùgbọ́n òfin tí Madras ṣe ní ọdún 1951 ni ó ṣì ń ṣàkóso àwọn tẹ́ḿpìlì ibẹ̀. Ọdún 2008 ni Kerala tó dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Ìlú ti yí ìjọba padà, òfin àtijọ́ ṣì jókòó.

Àwọn kan lè wí pé ìjà ilẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ níbi tí ààlà bá ti yí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ààfin Padmanabhapuram wà lórí ilẹ̀ Tamil Nadu, síbẹ̀ ìjọba Kerala ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Navaratri, a máa ń gbé ère àwọn òrìṣà láti Kanyakumari kọjá ààlà lọ sí Thiruvananthapuram, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ méjèèjì a sì ṣe ẹ̀yẹ fún wọn. Ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí kì í di ìjà.

Ǹjẹ́ kí ni èyí kàn wá? Ìpínlẹ̀ 12 ni Nàìjíríà pín sí ní ọdún 1967. Ní ọdún 1996 ó di 36. Ní ọdún 2025 àwọn aṣòfin tún gba ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà rẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ bá la sí méjì, ilẹ̀ ìjọ, ilẹ̀ mọ́sálásí, ilẹ̀ ojúbọ àti oko àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ a bọ́ sọ́wọ́ Gómìnà mìíràn lóòjọ́. Apá kẹjọ Ìwé Òfin ọdún 1999 ka ìbò tí a gbọ́dọ̀ dì kí ìpínlẹ̀ tuntun tó lè wà. Kò sọ gbólóhùn kan nípa wọn.

Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Kí a tó dìbò, kí a kọ gbogbo ilẹ̀ ìsìn tí ààlà yóò là kọjá sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ń dáko lórí rẹ̀. Kí ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìhà méjèèjì láti ọjọ́ kìn-ín-ní, títí ìpínlẹ̀ méjèèjì yóò fi jọ fohùn ṣọ̀kan láti tún un ṣe. Bí a bá sì ṣèlérí owó dípò ilẹ̀, kí iye rẹ̀ máa bá ọjà rìn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ tí ń ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ní kíláàsì yín: ní abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fà, oko ẹnìkan wà níbẹ̀.