Fọ́tò Orí Kò Lè Dípò Omi Ẹ̀yìn

  Ọ̀rọ̀ tiwa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, nítorí ọmọ la ṣe ń nájà.

Ohun kan ń kọ wá lóminú. Bí a bá gbé ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, tí gìrì ń mú, dé ọsibítù, tí dókítà ní òun fẹ́ fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa á fàáké kọ́rí. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń sọ ọmọ di arọ. Wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ kúkú ya fọ́tò orí ẹ̀, a máa sanwó." Owó àjọ á jáde, owó ọjà á tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ yìí yéra wa. Àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn kan ń pè ní yírùnyírùn, máa ń mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọpọlọ wú. Inú omi tó yí ọpọlọ ká ni wọ́n ti ń rí kòkòrò ẹ̀, omi yẹn náà ló sì wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Fọ́tò orí lè mọ́ kedere, kí àrùn ṣì wà níbẹ̀.

A ò ní CT scan ò wúlò o. Bí ọmọ ò bá mọ ara ẹ̀ mọ́, bí apá kan ara ẹ̀ bá rọ, tàbí tí wọ́n fura pé ọyún tàbí omi ti gbá jọ sínú orí, dókítà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà á, nítorí fífa omi ẹ̀yìn lè léwu nígbà yẹn. Síbẹ̀, kò yẹ kí wọ́n tìtorí fọ́tò dá abẹ́rẹ́ ìtọ́jú dúró. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Ti arọ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún, níbi tí okùn iṣan tó ti ọpọlọ wá ti parí. Àrùn náà gan-an ló ń sọ ọmọ di adití tàbí arọ. A gbé ọmọ dé pẹ́, ọmọ kú, abẹ́rẹ́ wá gba ẹ̀bi.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń gbóná, tó ń bì, tó kọ ọmú, tí àwùjẹ̀ ẹ̀ wú, tàbí tí ọrùn ẹ̀ le, ẹ má fún un ní àgbo gìrì tàbí ìtọ̀ màlúù. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 fo ọmọ yín. Láti 2012 àti 2014 ni àwọn tó ń dènà oríṣi àrùn yìí kan ti wà nínú ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìlera ìjọba.

Ẹ sọ fún aládùúgbò ìsọ̀ yín. Ẹ sọ fún bàbá ọmọ pẹ̀lú, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí dókítà bá ń dúró de ìwé àṣẹ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn.

A ò ní sunkún ọmọ o. Àmín.